Ọ̀dà Kì Í Wo Ọgbẹ́ Ọkọ̀

Bí ẹ bá ń wá ilé tí ọkọ̀ wọn ti forí gbá nǹkan ní Ìkòsì, ẹ má wulẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òòlù ló máa júwe ibẹ̀ fún yín. Láàárọ̀ Sátidé, panẹ́ẹ̀bítà á ti gbé jáàkì ẹ̀ wọlé, á ti ki búlọ́ọ̀kù sábẹ́ ọkọ̀, ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ á máa yọ bọ́ńpà, àwa ará ilé á sì yí wọn ká, à ń wòran. Ẹnìkan á ní kí wọ́n na ibí. Ẹlòmíràn á ní ọ̀hún ló ṣì wọ́. Kó tó di ọ̀sẹ̀ méjì, ọkọ̀ tí wọ́n wọ́ dé láti Máìlì 12 bí òkú ewúrẹ́ á máa dán bí ọkọ ìyàwó.

A fẹ́ràn ìran yẹn, a ò ní parọ́. Ọwọ́ àwọn èèyàn wọ̀nyí mọṣẹ́, ẹnu wa ò sì gbà á láti bú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo wa mọ̀ tí a kì í sọ: púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní àtúnṣe nínú àgbàlá wa, ìbòjú ni. Ẹni tó sì máa ra ọkọ̀ náà lẹ́yìn wa ni ewu ẹ̀ ń dúró dè.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látilé. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, Corolla ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa wọ ìdí tírélà tó kó tòmátò wá sí Máìlì 12. Orí yọ ẹ̀gbọ́n, airbag bú jáde, ó gbà á láyà. Nígbà tí panẹ́ẹ̀bítà dé, ẹ̀gbọ́n bi í pé, "Ọ̀gá, airbag yìí ńkọ́?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. A máa ká a padà, a máa lẹ̀ ẹ́ pa, a máa pa iná ẹ̀ lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀." A bú sẹ́rìn-ín. Àwa náà wà níbẹ̀.

Lóṣù kejì, ọmọbìnrin kan tó ń ṣe tíṣà wá ra ọkọ̀ náà. Ó mú ìyá ẹ̀ dání. Màmá da omi sídìí táyà, wọ́n gbàdúrà pé ọkọ̀ ò ní pa ọmọ àwọn. Àwa tí a mọ ohun tó wà nínú sítíárìn yẹn la ṣe àmín. A tún ní, "Ẹ kú oríire o!"

Ẹ wá gbọ́ ohun tí à ń fi ṣeré. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni airbag ń ṣiṣẹ́. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ó ti bú jáde. Tó bá ti bú, ó parí nìyẹn. Òmíràn ni wọ́n ń fi rọ́pò ẹ̀, wọ́n á sì tún kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀ ṣe tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Bẹ́líìtì náà rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, nǹkan kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń bú láti fà á mọ́ wa láyà. Tí ìyẹn náà bá ti bú, kò lè fà á lẹ́ẹ̀kejì. Airbag tí wọ́n ká padà, aṣọ lásán ni.

Irin iwájú ọkọ̀ náà ní ìtàn tiẹ̀. Béla Barényi, ẹnjiníà iléeṣẹ́ Mercedes, ló ronú ẹ̀ pé kí iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀ máa wó kí ibi tí èèyàn jókòó sí má bàa wó. Lọ́dún 1959, wọ́n gbé W111 jáde pẹ̀lú ọgbọ́n yẹn. Iwájú tó rún wómúwómú yẹn, ó kú dípò wa ni. Irin líle ni wọ́n fi ṣe apá kan egungun ọkọ̀ òde òní. Tí iná gáàsì bá ti mú un pọ́n, líle ẹ̀ á dínkù. Òòlù lè dá ìrísí ẹ̀ padà. Òòlù ò lè dá agbára ẹ̀ padà.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Bọ́ńpà ni làpálàpá. Egungun ọkọ̀, airbag àti bẹ́líìtì ni ètè. Ẹni tó ń tà á á ní, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Ó dáa. Ṣé ọba fi ọ̀dà kun ògiri tó ti jóná ni, àbí ó tún ilé kọ́?

Kì í ṣe Èkó nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Lóṣù keje ọdún 2024, NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé láàárín oṣù mẹ́sàn-án, ayédèrú airbag olówó pọ́ọ́kú ti pa èèyàn mẹ́ta, ó sì ti ṣe àwọn méjì míì léṣe gidi. Gbogbo ọkọ̀ náà ló ti ní ìjàǹbá rí, tí wọ́n sì ti tún wọn ṣe.

Síbẹ̀, lọ́dọ̀ tiwọn, tí iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì bá ti ní ọkọ̀ kan ò ṣe é tún ṣe mọ́, wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀ pé "salvage". Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wa ní tòkunbọ̀, ẹni tó bá sì ní nọ́ńbà VIN lè tọpa ìtàn ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìjàǹbá ti Amẹ́ríkà ní ìwé. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Máìlì 12, ẹnu wa nìkan ni ìwé ẹ̀. Tí a bá dákẹ́, ìwé náà ti jóná nìyẹn.

A mọ ohun tí ẹ máa sọ: "Kò sówó." Òótọ́ ni, kò sówó. Ṣùgbọ́n láti oṣù kìíní ọdún 2023 ni ìnṣọ́ránsì third party ọkọ̀ aládàáni ti di ₦15,000, wọ́n sì ní ó lè san tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà lórí dúkìá ẹni tí a bá kọlù. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025 ni àwọn ọlọ́pàá ti ń yẹ ìwé náà wò kíkankíkan. Kí là ń fi ìwé yìí ṣe? À ń fi han ọlọ́pàá. Tí ẹnìkan bá kọlù wá ní Kétu, a ò ní béèrè ìwé ẹ̀. Ọrùn ẹ̀wù la máa gbá mú, á dọ̀bálẹ̀, àwọn èrò á ní "ẹ fi ti Ọlọ́run ṣe é," a máa gba owó táṣẹ́rẹ́, a máa lọ. Owó táṣẹ́rẹ́ yẹn ló ń bí iṣẹ́ táṣẹ́rẹ́. Lóòótọ́, third party ò lè tún ọkọ̀ ẹni tó jẹ̀bi ṣe, kì bá má ran ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́. Àmọ́ ẹni tí wọ́n kọlù ní ẹ̀tọ́ tó ń jù nù.

Àwọn kan á ní kí ìjọba lé gbogbo panẹ́ẹ̀bítà kúrò ládùúgbò. Àwa ò sí níbẹ̀. Tí ẹ bá lé wọn ní Kétu, abẹ́ bíríìjì ni wọ́n máa lọ, tàwọn ti òòlù àti gáàsì wọn. Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Bọ́ńpà, fẹ́ńdà, iná iwájú, ẹ tún un ṣe nílé, a máa bá yín di jáàkì mú. Tí egungun ọkọ̀ bá ti wọ́, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Tí kò bá sówó airbag, ẹ má pa iná ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa tàn, òtítọ́ ló ń sọ. Tí ẹ bá sì fẹ́ tà á, ẹ sọ ohun tó ṣe é, kí ẹ kọ ọ́ sínú rìsíìtì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọkọ̀ lórí fóònù, ẹ má jẹ́ kí "fọ́ọ̀sì bọ́dì, AC ń mú, jíà ń wọlé" kó síi yín lórí. Ẹ tan kọ́kọ́rọ́, kí ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Iná airbag yẹ kó tàn fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kó sì kú. Tí kò bá tàn rárá, ẹ béèrè ẹni tó pa á.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la tó lọ kan ilẹ̀kùn ọmọbìnrin náà. A sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Kò pariwo. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wá: "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti mọ̀ lọ́jọ́ tí màmá mi ń gbàdúrà yẹn?"

A ò rí èsì fún un. Ẹ̀gbọ́n tó ta ọkọ̀ ò kí wa mọ́ láti ọjọ́ náà. Kó má kí wa. Ọdún mẹ́ta la fi kí i.