Ìjà Ọbàkan Nínú Ààfin Tọ́kì

Ìbéèrè kan wà tí a ń gbọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn ìpàdé, tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ dá sílẹ̀ ní gbangba: bí aṣíwájú bá fi ipò sílẹ̀, ta ni yóò gbà á, ọ̀nà wo ni yóò sì gbà dé ibẹ̀? Àwọn kan ní kí a pa ẹnu mọ́, kí ó má baà dà bí ẹni pé a ń wá ikú olórí. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn ìdílé Osman, tí ó jọba ní ilẹ̀ Tọ́kì ju 600 ọdún lọ títí di 1922, yóò mọ ìdí rẹ̀.

Sultan Mehmed Kejì ni ó gba ìlú Constantinople ní 1453, èyí tí à ń pè ní Istanbul lónìí. Akọni ni, olófin sì ni pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n nínú ìwé òfin tí a mọ̀ mọ́ orúkọ rẹ̀, a kọ ọ́ pé èyíkéyìí nínú àwọn ọmọ òun tí ó bá gorí ìtẹ́ lè pa àwọn arákùnrin rẹ̀, kí ayé lè tòrò. Òfin yìí sọ ohun tí a ó fi ẹni tí ó pàdánù ṣe, ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó sọ ẹni tí adé tọ́ sí. Gbogbo ọmọkùnrin ọba ni ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹni tí ó bá yára jù, tí ó sì lágbára jù, ni í mú un.

Àwọn tí ń gbe òfin náà lẹ́yìn ní àlàyé tiwọn. Nígbà tí Timur ṣẹ́gun Bayezid Kìíní ní Ankara ní 1402, tí ó sì mú un lẹ́rú, àwọn ọmọ Bayezid bá ara wọn jà títí di 1413, ìjọba náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ túká. Wọ́n ní ó sàn kí ènìyàn díẹ̀ kú ju kí gbogbo ìlú parun lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ọba bá mọ̀ pé bí òun kò bá dé orí ìtẹ́, okùn ni yóò wọ ọrùn òun, kí ni yóò ṣe? Bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́ tí kò bìkítà fún adé, yóò kó ọmọ ogun jọ. Òfin tí wọ́n ní yóò pa ìjà ni ó sọ ìjà di dandan.

Mehmed fúnra rẹ̀ kú ní 1481. Kíá ni Bayezid àti Cem, ọmọ rẹ̀ méjèèjì, kọjú ogun sí ara wọn. Bayezid borí. Cem sá lọ sí Íjíbítì, ó padà wá, kò rí i ṣe, ni ó bá lọ fi orí pamọ́ sọ́dọ̀ àwọn jagunjagun Kristẹni ní erékùṣù Rhodes ní 1482. Láti ibẹ̀ wọ́n gbé e lọ sí ilẹ̀ Faransé, lẹ́yìn náà sọ́dọ̀ Póòpù ní Róòmù. Ní Naples ni ó kú sí ní 1495. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, Bayezid ń san owó fún àwọn àjèjì kí wọ́n má ṣe tú àbúrò rẹ̀ sílẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀.

Ìyà náà kò mọ sí ọ̀dọ̀ ọbàkan nìkan. Ní 1553, Sultan Süleyman mú kí a pa Mustafa, ọmọ bíbí inú rẹ̀, nítorí ìfura pé ó fẹ́ gba adé lọ́wọ́ òun. Ní 1559, Selim àti Bayezid, ọmọ rẹ̀ méjì tí ó kù, bá ara wọn jagun ní Konya. Bayezid sá lọ sí Páṣíà, ibẹ̀ ni a sì pa òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ sí. Nígbà tí Mehmed Kẹta jọba ní 1595, arákùnrin rẹ̀ 19 ni ó pa, ọmọdé ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹ̀gbẹ́ bàbá wọn ni a sin wọ́n sí.

Ẹnìkan lè wí pé irú ìjà bẹ́ẹ̀ ni í fi akọni hàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Süleyman tí a dárúkọ yìí, tí òkìkí rẹ̀ kàn ju ti gbogbo wọn lọ, kò bá arákùnrin kankan du ìtẹ́ ní 1520, nítorí kò sí ọmọkùnrin mìíràn tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀.

Nígbà tí ó yá, wọ́n yí ọwọ́ padà. Ahmed Kìíní kò pa Mustafa àbúrò rẹ̀ ní 1603, Mustafa náà ni ó sì jọba lẹ́yìn rẹ̀ ní 1617. Díẹ̀díẹ̀ ni ó di àṣà pé kí àgbà ìdílé gba adé. Èyí sàn. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń rán ọmọ ọba lọ ṣàkóso ẹkùn tẹ́lẹ̀ kí ó lè kọ́ iṣẹ́, wọ́n wá ń sé e mọ́ inú ààfin, níbi tí wọ́n ń pè ní kafes, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ àgò. Süleyman Kejì ti wà nínú ìhámọ́ ju 30 ọdún lọ kí wọ́n tó fi jọba ní 1687. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ẹ̀yin ará wa, kò sí okùn nínú ẹgbẹ́ wa, ṣùgbọ́n a mọ bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu pa ènìyàn, a sì mọ bí a ti ń sé ọ̀dọ́ mọ́lé kí ó má baà mọ iṣẹ́. Nítorí náà, a ń fẹ́ kí a kọ ọ̀nà ìyanṣíwájú sínú ìwé òfin wa nísinsìnyí tí olórí wà láàyè, tí ara rẹ̀ sì le. Kí ẹni tí ìbò kò gbè má ṣe pàdánù àga rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀, kí ó má baà di Cem ní ọwọ́ àwọn ọ̀tá wa. Kí a sì gbé iṣẹ́ gidi lé àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́ ní ẹ̀ka gbogbo. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí dìde ní ìpàdé ẹ̀ka yín, ní ohùn rara, ní ojú gbogbo ènìyàn.