Ohun Tó Sọ Jẹ́sì 1994 Di Ọ̀wọ́n

Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2018, èrò tò lọ rẹrẹẹrẹ síwájú ilé ìtajà Nike ní Oxford Street nílùú London. Jẹ́sì tuntun tí Super Eagles, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, fẹ́ wọ̀ lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Rọ́ṣíà ni wọ́n wá rà, kò sì pẹ́ tó fi tán lórí igbá. NFF, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ti sọ ṣáájú pé àwọn tó béèrè fún un tó mílíọ̀nù mẹ́ta. Àwọn tó ya iṣẹ́ ọnà ara rẹ̀ kò fi pamọ́ pé jẹ́sì ọdún 1994 làwọn wò kọ́ṣe.

Ìdíje dé. Ahmed Musa jẹ góòlù méjì tó dùn-ún wò, Nàìjíríà sì na Iceland ní 2-0. Ṣùgbọ́n Croatia ti nà wọ́n ní 2-0 ṣáájú, Argentina tún fẹ̀yìn wọn balẹ̀ ní 2-1, ni wọ́n bá palẹ̀ mọ́ láti ìpele àkọ́kọ́. Aṣọ náà rẹwà, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn. Àmọ́ ẹwà kọ́ ló sọ ti 1994 di ohun tí wọ́n ń wá kiri títí di òní. Iṣẹ́ tí àwọn tó wọ̀ ọ́ ṣe ní sáà kan ṣoṣo ni.

Ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá 1993 ni ọ̀nà là. Nàìjíríà gbá ọ̀mì 1-1 ní Algiers, Finidi George ló jẹ góòlù, ọ̀mì yẹn ló sì mú wọn dé Ife Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́. Lóṣù Kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ tí Clemens Westerhof ń kọ́, tí Stephen Keshi jẹ́ balógun rẹ̀, gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Tùnísíà. Zambia ni wọ́n bá pàdé ní àṣekágbá, ẹgbẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún tò lẹ́yìn tí bàálù já pẹ̀lú àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn ní Gabon lọ́dún tó ṣáájú. Zambia ló kọ́kọ́ jẹ góòlù. Emmanuel Amunike jẹ méjì, ó parí.

Rashidi Yekini ló jẹ góòlù jù ní Tùnísíà, márùn-ún. Ní sáà kan náà, ó jẹ 21 fún Vitória Setúbal, kò sì sí agbábọ́ọ̀lù tó jù ú lọ nínú líìgì Pọtogí lọ́dún yẹn. Òun náà ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí CAF, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà, fi jẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfíríkà, ti ọdún 1993.

Ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà 1994 ni wọ́n wọ pápá Cotton Bowl ní Dallas láti kojú Bulgaria. Ní ìṣẹ́jú 21, Finidi fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ láti apá ọ̀tún, Yekini sì tì í sáwọ̀n. Góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ ní Ife Àgbáyé nìyẹn. Ọkùnrin náà kò sá lọ bá ẹnikẹ́ni. Ó wọ inú àwọ̀n lọ, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ ihò rẹ̀, ó di okùn mú, ó ń mì í, ó ń ké, omijé ń bọ́. Jẹ́sì aláwọ̀ ewé ló wà lọ́rùn rẹ̀, nọ́ńbà 9, orúkọ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn, nítorí ìdíje yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ kọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù sẹ́yìn aṣọ ní Ife Àgbáyé. Àwòrán yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà, àní tí wọn kò bá tilẹ̀ mọ̀.

Daniel Amokachi àti Amunike fi méjì kún un, ó di 3-0. Bulgaria yìí kan náà ló wá na Jámánì jáde nígbà tó yá. Argentina borí Nàìjíríà ní 2-1, Nàìjíríà na Gíríìsì ní 2-0, wọ́n sì ṣe ipò kìíní nínú ọ̀wọ́ wọn. Ní ìpele tó tẹ̀ lé e, ó ku ìṣẹ́jú méjì péré kí wọ́n lé Ítálì lọ sílé kí Roberto Baggio tó da góòlù Amunike padà. Pẹnáritì Baggio ní àfikún àkókò ló parí ọ̀rọ̀. Ó ṣì ń dun àwọn tó wò ó.

Ìlú Ira ní ìpínlẹ̀ Kwara ni orírun Yekini. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars n'Ìbàdàn kó tó kúrò nílé, Ìbàdàn náà ló sì padà sí lẹ́yìn tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Góòlù 37 ló jẹ fún Nàìjíríà. Nígbà tó kú lóṣù Karùn-ún 2012, Ira ni wọ́n sin ín sí.

Ayédèrú jẹ́sì 1994 kún ọjà báyìí, kò sì sóhun tó burú nínú kí ọ̀dọ́ rà á wọ̀. Ojúlówó ló ń ṣègbé. Òmíràn ti di àkísà ìnulẹ̀ nílé ẹni tó ní in, òmíràn ti di aṣọ oko. Ẹni tó bá ní ọ̀kan, kó má ṣe fi áyọ́ọ̀nù kan nọ́ńbà ara rẹ̀, kó má sì fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Kó kọ ibi tó ti rí i àti ọdún tó rí i sórí ìwé, kó fi í pa mọ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn aláṣẹ ní Ọ̀yọ́ àti Kwara kò gbọ́dọ̀ dúró de ẹlòmíì lórí èyí. Ẹ wá ẹ̀wù sáà yẹn lọ́wọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ṣì wà láàyè àti ẹbí àwọn tó ti lọ, ẹ gbé e sínú gíláàsì ní pápá Lekan Salami ní Adamasingba n'Ìbàdàn, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà 9.