Omi Mímọ́ Kò Tó Ẹ̀rí

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí omi bá ti mọ́ gaara, ẹja inú rẹ̀ kò lè pa ni lára. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1932 títí di 1968 ni ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú Minamata, ní ilẹ̀ Jàpáànù, fi ń da ẹ̀gbin tí ó ní mẹ́kúrì nínú sínú òkun. Ẹja kó oró náà jọ sí ara. Gìrì kọ́kọ́ mú àwọn ológbò tí ń jẹ ẹja náà. Ní 1956, àìsàn náà hàn gbangba lára àwọn ọmọdé. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Lónìí, ọ̀nà àyẹ̀wò wà. A ó fi ẹja sínú omi tí a po kẹ́míkà díẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà a ó fi ìwọ̀n tí ó wà lára ẹja wé èyí tí ó wà nínú omi. Bí ti ara ẹja bá ju ti omi lọ ní ìlọ́po 2,000, òfin Yúróòpù kà á sí kẹ́míkà tí ń kó jọ sí ara.

Nàìjíríà ti tẹ́wọ́ gba Àdéhùn Minamata lórí mẹ́kúrì láti 2018. Ìbuwọ́lù nìkan kò tó. A ń fẹ́ kí ìjọba má ṣe gba kẹ́míkà titun kankan láyè láìrí èsì irú àyẹ̀wò yìí. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ bi àwọn tí ń tọrọ ìbò yín léèrè. Kí a má ṣe fi ẹnu ọmọ wa ṣe àyẹ̀wò tí ó yẹ kí a fi ẹja ṣe.