Ọ̀rọ̀ Inú Ilé: Ọmọ tí Omi Kún Inú Orí Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí wúwo, a kò sì ní fi òwe bò ó mọ́lẹ̀. Bí oníṣègùn bá wí fún baba àti ìyá, ní Kétu tàbí ní Ìkòsì, ní Alápẹ̀rẹ̀ tàbí ní Mile 12, pé a ní láti fi abẹ kan orí ọmọ wọn tí kò tíì pé ọdún kan, kí ni kí wọn ṣe? Kí wọn jọ̀wọ́ ọmọ náà fún abẹ ni, tàbí kí wọn pọ̀n ọ́n padà sílé?

Àrùn kan tí ó máa ń bí irú ìbéèrè yìí ni ti omi inú orí, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní hydrocephalus. Kí a tó lè gba ara wa nímọ̀ràn, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó jẹ́. Nínú ọpọlọ olúkúlùkù wa ni omi kan ti ń sun, bí omi tí ń sun láti inú àpáta. Ti àgbàlagbà a máa tó nǹkan bí ìdajì lítà lójúmọ́. Omi náà a ṣàn yí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ká, lẹ́yìn náà ẹ̀jẹ̀ a sì gbà á padà. Bí ọ̀nà rẹ̀ bá dí, ìsun náà kò mọ̀, kò sì ní dẹ́kun. Omi yóò máa pọ̀ sí i, yóò sì máa ti ọpọlọ mọ́ egungun. Nítorí pé egungun orí ọmọ ọwọ́ kò tíì so pọ̀, orí náà yóò máa tóbi.

Ọ̀nà náà lè ti dí láti inú oyún wá. Ó lè bá àlébù egungun ẹ̀yìn tí a bí mọ́ ọmọ rìn. Ó lè jẹ́ àbájáde àrùn tí ó kọlu awọ tí ó bo ọpọlọ, tàbí ti ẹ̀jẹ̀ tí ó dà sínú ọpọlọ ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kí a tó bí i. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ìyá ọkọ tàbí ẹ̀ṣẹ̀ ìyá ọmọ. Ẹ̀yin baba ilé, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Àmì rẹ̀ kò fara sin fún ẹni tí ó bá ń wò. Fìlà tí ó bá ọmọ mu lóṣù tí ó kọjá kò wọ̀ ọ́ mọ́. Àwùjẹ̀ rẹ̀ wú, ó sì le. Iṣan orí rẹ̀ yọ síta. Ojú rẹ̀ a máa wo ìsàlẹ̀ bí oòrùn tí ó fẹ́ wọ̀. Ó ń bì, oorun sì ń kùn ún ju bí ó ti yẹ lọ. Téèpù lásán ni nọ́ọ̀sì fi ń mọ bí orí ọmọ ti ń dàgbà, nítorí náà kí ìyá tí ó bá gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára sọ pé kí wọn wọn orí rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìtọ́jú tí a ti ń lò tipẹ́ ni pé kí oníṣẹ́ abẹ ki ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí a ń pè ní shunt, bọ inú ọpọlọ, kí ó sì là á gba abẹ́ awọ ọrùn àti àyà lọ sínú ikùn, kí omi náà lè máa ṣàn lọ síbẹ̀, kí ara sì fà á mu. Ìlẹ̀kùn kékeré kan wà lára rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi ṣàn jù, tí kì í sì í jẹ́ kí ó padà sẹ́yìn.

Àwọn baba tí irú ọ̀ràn yìí dé bá ní ọwọ́ nínú iṣẹ́ náà. Ní 1955 ni a bí Casey fún John Holter, òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àrùn yìí. Baba náà kì í ṣe oníṣègùn, síbẹ̀ òun àti oníṣẹ́ abẹ Eugene Spitz ṣe ìlẹ̀kùn kan, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sára àwọn ọmọdé ní 1956. Ní oṣù Kejìlá 1960, takisí kan kọlu kẹ̀kẹ́ ọmọ tí Theo, ọmọ òǹkọ̀wé Roald Dahl, wà nínú rẹ̀ ní New York, omi sì kún orí ọmọ náà. Ọ̀pá tí a fi sí i ń dí léraléra. Baba rẹ̀, pẹ̀lú Stanley Wade tí í ṣe ẹlẹ́rọ àti oníṣẹ́ abẹ Kenneth Till, ṣe ìlẹ̀kùn mìíràn tí kì í tètè dí. Kí ó tó parí, ara Theo ti yá tó bẹ́ẹ̀ tí kò nílò rẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ ẹlòmíràn ni ó jẹ àǹfààní rẹ̀. Theo dàgbà. Casey ní tirẹ̀ kú ní kékeré. A sọ ti àwọn méjèèjì, nítorí ẹni tí ó bá sọ ti ọ̀kan nìkan fún òbí kò sọ òtítọ́ tán.

Ẹ jẹ́ kí a ka ewu náà sílẹ̀ ní gbangba. Kòkòrò àrùn lè bá ọ̀pá náà wọlé, a ó sì ní láti yọ ọ́. Ó lè dí: nínú àwọn ọmọdé tí a fi í sí lára, ti bí ìdajì wọn a ti bàjẹ́ kí ọdún méjì tó pé, a ó sì tún padà sídìí abẹ. Oògùn tí a fi ń mú ọmọ ọwọ́ sùn fún abẹ pẹ̀lú ní ewu tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní ilé ìwòsàn ọmọdé CURE ní Mbale, ní Ùgáńdà, Dókítà Benjamin Warf àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo ọ̀nà mìíràn: wọn a ki awò tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú orí, wọn a lu ihò tuntun fún omi láti gbà, wọn a sì fi iná jó ẹran ara tí ń sun omi náà, láìfi ọ̀pá kankan sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ yé ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ Áfíríkà: ọmọ tí ọ̀pá rẹ̀ dí ní abúlé jíjìnnà lè kú kí ó tó dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ. Nínú ìdánwò tí a tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017, a pín ọmọ ọwọ́ 100 sí ọ̀nà méjèèjì ní Mbale. Lẹ́yìn ọdún kan, a kò rí ìyàtọ̀ gúnmọ́ nínú òye wọn. Síbẹ̀ ihò náà kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo ọmọ. Àwọn mìíràn a tún padà gba ọ̀pá.

A mọ òwe tí àwọn àgbà yóò pa bí wọ́n bá gbọ́ èyí: orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Òtítọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé e sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tí ó la gọ́tà tí ó dí kò wó ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ìhà Mile 12, níbi tí odò Ògùn ti ń kún wọlé, ẹ mọ ohun tí omi ń ṣe nígbà tí kò bá rí ọ̀nà lọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìnà. Wọ́n rò pé ewu wà lápá kan, àlàáfíà sì wà lápá kejì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ewu ni méjèèjì. Omi tí a kò la ọ̀nà fún lè fọ́ ojú ọmọ, ó lè ba òye rẹ̀ jẹ́, ó sì lè pa á. Ohun tí ó bá sì ti bàjẹ́ nínú ọpọlọ, abẹ kò lè dá gbogbo rẹ̀ padà. Èyí tí ó kù ni ó ń gbà là. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Síbẹ̀ a kò wí pé kí ẹ sáré bẹ́ lu abẹ. Omi àwọn ọmọ mìíràn a dúró fúnra rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé wíwọn orí ni a ó máa ṣe. Àrùn ti ba ti àwọn mìíràn jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí dókítà olóòótọ́ yóò wí pé abẹ kò ní ràn wọ́n lọ́wọ́ púpọ̀. Nítorí náà ẹ bèèrè. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá dúró ní oṣù kan? Ọ̀nà wo ni ó bá ọjọ́ orí ọmọ wa mu, àti ohun tí ó fa àrùn rẹ̀? Ìgbà mélòó ni ẹ ti ṣe é níhìn-ín? Èló ni gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò inú orí, àti abẹ kejì bí ó bá di dandan?

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí fún yín pé àjèjì ni iṣẹ́ yìí. Ọmọ Àwẹ́ ni Látúndé Ọdẹ́kù, tí a bí ní 1927, tí ó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, tí ó sì padà sí University College Hospital ní Ìbàdàn ní 1962 láti fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Ó kú ní 1974, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò bá a kú. Lónìí, ará Kétu lè rí oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, àti ní LASUTH ní Ìkẹjà.

Ẹni tí ó bá yan ọ̀pá yan ìṣọ́ra pẹ̀lú. Bí ọmọ náà bá ń bì, tí oorun ń gbé e lọ, tí orí ń fọ́ ọ, tàbí tí gìrì mú un, ẹ má ṣe dúró di òwúrọ̀. Ẹ fi owó ọkọ̀ òru pamọ́, ẹ sì mọ onímọ́tò tí yóò dá yín lóhùn, nítorí òpópónà Ìkòròdú kì í ṣàánú ẹni tí ń kánjú. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà: kí ẹgbẹ́ nínú ìjọ má ṣe dúró de ìgbà tí òbí yóò tọrọ. Kí ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ọmọ lọ síbi àdúrà máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú. Oníṣègùn ni Lúùkù tí ó kọ Ìhìnrere.

Lákòótán, kí tọkọtaya fohùn ṣọ̀kan kí abẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọn sì ṣe ìlérí kan fún ara wọn: bí ó bá yọrí sí rere, bí kò sì yọrí sí rere, kò sí ẹni tí yóò wí fún ẹnì kejì pé, Ìwọ ni o fa èyí. Òbí tí ó bèèrè, tí ó gbọ́, tí ó rò ó, tí ó sì yàn pẹ̀lú ìfẹ́, ti ṣe ojúṣe rẹ̀, ibi yòówù tí ọ̀ràn náà bá yọrí sí.