Téèpù Àtijọ́ Wà Nílé: Ẹ̀rọ Wo Ni Kí Á Rà?

Nínú àwọn ilé kan nílẹ̀ Yorùbá, páálí kan ṣì wà lókè àjà tí téèpù onírílì wà nínú rẹ̀. Ohùn ẹni tí kò sí mọ́ lè wà níbẹ̀: oríkì tí ìyá àgbà kì, tàbí ìwúre ọjọ́ ìgbéyàwó. Nítorí náà, bí ọ̀dọ́ kan bá sọ fún mi pé òun fẹ́ ra ẹ̀rọ rílì àlòkù, n kì í kọ́kọ́ béèrè bí ó ti rẹwà tó. Téèpù tí ó fẹ́ fi gbọ́ ni mo máa ń béèrè. Ẹ̀rọ burúkú lè já téèpù tí kò ní èkejì láyé.

Ẹ kọ́kọ́ wo téèpù náà. Rílì íǹṣì 7 wọ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé. Ti íǹṣì 10½ kò wọ gbogbo wọn. Ìyára ẹ̀rọ ilé sábà máa ń jẹ́ íǹṣì 3¾ tàbí 7½ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 15 wọ́pọ̀ ní ilé iṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ kan pín fífẹ̀ téèpù sí ọ̀nà mẹ́rin, àwọn mìíràn sí méjì. Bí ẹ bá fi téèpù ọlọ́nà mẹ́rin tí a gba ohùn sí lójú méjèèjì sórí ẹ̀rọ ọlọ́nà méjì, ẹ ó máa gbọ́ ohùn ojú kejì tí yóò máa sáré sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ iná ló kàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Iná ilé ní Japan jẹ́ fóótì 100, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120, tiwa sì lé ní 200. Tiransifọ́mà lè yanjú ìyẹn. Ṣùgbọ́n iná Amẹ́ríkà ń lọ, ó ń bọ̀ ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa ní ìgbà 50, tiransifọ́mà kò sì lè yí èyí padà. Ẹ̀rọ tí ìyára rẹ̀ ń tẹ̀ lé iná, tí wọ́n sì ṣe fún 60, yóò fi ìdá kan nínú mẹ́fà falẹ̀ nílé wa. Ohùn ìyá àgbà yóò wá dà bí ti ọkùnrin. Jẹnẹrétọ̀ tí kò dúró lójú kan tún ń mú un burú sí i. Nínú àwọn ẹ̀rọ kan, a lè pààrọ̀ ohun kékeré kan kí ó bá 50 mu. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn Revox A77, tí ó jáde ní Switzerland ní 1967. Ó ń fúnra rẹ̀ ṣọ́ ìyára rẹ̀, kò gbára lé iná. Technics RS-1500 náà rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo lápò. Àǹfààní Akai tí a kọ GX sí lára ni pé orí tí ń ka téèpù kì í tètè jẹ, nítorí gíláàsì wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe é.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi “a kò tíì ṣí i rí” tàn yín. Rọ́bà tí ń tẹ téèpù máa ń gan bí ó bá dàgbà, àwọn kàpásítọ̀ inú A77 àtijọ́ sì lè bú, kí èéfín sọ. Èyí tí oníṣẹ́ ti tún ṣe dáadáa ló sàn. Ẹ fi téèpù tí kò ní láárí dán an wò: ẹ yí i síwájú, ẹ yí i sẹ́yìn, ẹ dá a dúró lójijì. Bí téèpù bá tú jọ tàbí tí ohùn dùùrù ń gbọ̀n, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan kù. Àtè inú àwọn téèpù kan tí wọ́n ṣe láàárín 1970 sí 1990, bí Ampex 456, máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra. Bí téèpù bá ń han, tí ìdọ̀tí aláwọ̀ ilẹ̀ sì ń lẹ̀ mọ́ orí ẹ̀rọ, ẹ dá a dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ bí a ti ń fi ooru díẹ̀ gbẹ ẹ́. Bí ó bá sì dùn geere, kọ̀ǹpútà ni kí ó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó máa gba ohùn náà sílẹ̀ láti ìgbà àkọ́kọ́ gan-an. Ó lè má dùn lẹ́ẹ̀kejì.