Ẹ̀rù Kì í Ṣe Ìwà

Ní Adó-Èkìtì, ìkíni ni ẹ̀rí àkọ́kọ́ pé ọmọ gba ẹ̀kọ́ ilé. Ọ̀dọ́ tí ó bá ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá kí ó má baà kí àwọn àgbà tí ó jókòó síwájú ilé kì í pẹ́ gba orúkọ: agbéraga, aláìlẹ́kọ̀ọ́, ẹni tí kò ka ènìyàn sí. Ó lè jẹ́ pé àyà rẹ̀ ni ó ń já, tí ohùn sì ń há mọ́ ọn lọ́fun nígbà tí ojú gbogbo wọn bá yí sí i. Kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè. Wọ́n ti ka ẹ̀rù sí ìwà, ìwà sì ni Yorùbá fi ń wọn ọmọ ènìyàn.

Àwọn oníṣègùn ọpọlọ ti gbìyànjú láti ya ẹ̀rù yìí sọ́tọ̀. Ní 1980, ìwé tí àwọn ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń pín àìsàn ọpọlọ sí ẹ̀ka fún ìbẹ̀rù àwùjọ ní àyè tirẹ̀. Nínú ìwé kan náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ka irú ènìyàn tí ń yẹra fún ẹlòmíràn mọ́ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní personality disorder. Ọjọ́ kan náà ni a sọ àwọn méjèèjì lórúkọ, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń jọra lójú ènìyàn.

Ìtìjú lásán kì í ṣe àìsàn. Ọmọ tí kò lójú tì rárá ni ó yẹ kí ó kọ òbí lóminú. Ìbẹ̀rù àwùjọ yàtọ̀. Ẹni tí ó ní in ń bẹ̀rù pé wọ́n ń wo òun, pé wọn yóò dá òun lẹ́jọ́, bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, tàbí jẹun, tàbí kọ orúkọ rẹ̀ níwájú ènìyàn. Ó sábà máa ń mọ̀ pé ẹ̀rù náà ju ọ̀rọ̀ lọ. Ó fẹ́ràn ènìyàn. Lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó lè ṣàwàdà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Èkejì kì í ṣe ẹ̀rù kan ṣoṣo. Ọ̀nà tí ènìyàn gbà ń wo ara rẹ̀ àti ọmọ aráyé ni, tí ó ti wà láti ìgbà èwe, tí ó le koránkorán, tí ó sì ń bá a dé ibi iṣẹ́, dé ilé ọkọ tàbí aya, dé ìdí ọ̀rẹ́. Ó ní oríṣi. Òmíràn kò wá ẹnìkejì rárá, kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Òmíràn a máa rẹ́ ènìyàn jẹ láìsí àánú. Ìwọ̀nyí jìnnà sí ìbẹ̀rù àwùjọ bí Adó ṣe jìnnà sí Sókótó. Èyí tí ó súnmọ́ ọn ni ti ẹni tí ó gbà lọ́kàn pé òun kò tó ènìyàn, pé ẹni tí ó bá mọ òun dáadáa yóò kọ òun. Níbí ni àwọn ọ̀mọ̀wé fúnra wọn ti ń jiyàn: àwọn kan ní ìbẹ̀rù àwùjọ tí ó wúwo jù ni. Ìwé Amẹ́ríkà ti 2013 fi orúkọ méjèèjì sílẹ̀. Ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2022, pa ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn orúkọ ẹ̀ka náà rẹ́, ó ń wo bí ìṣòro ṣe le tó.

Kí ni àwa yóò wá pè é? Mo ti gbọ́ “àrùn ìwà”. N kò fara mọ́ ọn. Nínú èdè tí ó ní ìwà lẹwà, ẹni tí a bá sọ pé ìwà rẹ̀ ń ṣàìsàn, a ti lé e kúrò láwùjọ nìyẹn. Orúkọ ní í ro ni. Títí di ìgbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun ní oṣù kìn-ín-ní 2023, òfin wèrè ti 1958 ni a fi ń ṣe ìtọ́jú ọpọlọ ní Nàìjíríà, òfin tí orúkọ rẹ̀ nìkan tó láti lé aláìsàn sá. Èmi ì bá sọ pé “àìgúnrégé àbùdá”, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àléébù wà lára òun náà: àbùdá ń dún bí ohun tí kò lè yí padà, bẹ́ẹ̀ ìtọ́jú a máa tù ú lójú. Kí ẹni tí ó bá ní èyí tí ó sàn jù mú un wá.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ lásán. Ní 2009, Tolúlọpẹ́ Bella àti Ọláyínká Omigbódùn tẹ ìwádìí kan jáde lórí akẹ́kọ̀ọ́ 500 ní Yunifásítì Ìbàdàn: bíi 9 nínú 100 ni ìbẹ̀rù àwùjọ ti bá jà rí láyé wọn. N kò rò pé ti Adó, níbi tí a ti ń fi ìwé mímọ̀ yangàn, yóò yàtọ̀ púpọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ ìdáhùn tí kò lè nawọ́ sókè, òdo ni olùkọ́ ń rí.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò sì le láti ṣàlàyé. Yàtọ̀ sí oògùn, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń mú ènìyàn súnmọ́ ohun tí ń bà á lẹ́rù, láti orí èyí tí ó rọrùn jù. Ní àdúgbò tiwa, ó lè jẹ́ ìyá àgbà kan ṣoṣo lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, “ẹ kú ìjókòó, mà”, kí ó sì kọjá. Lẹ́yìn náà àgbà méjì. Ó di ọjọ́ kan kí ó tó gba iwájú ilé tí wọ́n ti ń ta ayò.