Ẹ́ńjìnì Méjì Nìkan Kò Tó

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi ní Ṣimawa,

Nígbà tí a béèrè fún ìdánrawò iná, ọ̀gá kan dá wa lóhùn pé kí la tún ń fẹ́, ṣebí iléeṣẹ́ ti ra ẹ̀rọ omi panápaná kejì. Bàálù ni mo fẹ́ fi dá a lóhùn.

Ní Zaria, níléèwé ọkọ̀ òfuurufú tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1964, wọ́n ń fi Baron 58 kọ́ àwọn pílọ́ọ̀tì. Bàálù kékeré ni, ẹ́ńjìnì méjì, písítìn mẹ́fà-mẹ́fà. Bí ọ̀kan bá kú, ìdajì agbára ló lọ, ṣùgbọ́n ipá tó fi ń gòkè lè dín ní ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí ni pé apá tó pọ̀ nínú agbára ẹ́ńjìnì ló ń lọ sórí kí bàálù má ṣáà wálẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù ló fi ń gòkè. Awakọ̀ tó ti fi ẹrù sìmẹ́ǹtì gun òkè láti Ṣàgámù kò ní bá mi jiyàn.

Èyí tó yè á tún máa fa imú bàálù sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó kú. Pílọ́ọ̀tì á fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì kí ó lè lọ tààrà. Ẹsẹ̀ tí kò níṣẹ́ ń ṣe, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni òkú ẹ́ńjìnì wà. Síbẹ̀ kò gbọdọ̀ yára pa á. Á kọ́kọ́ dín iná rẹ̀ kù wò. Bí nǹkan kan kò bá yí padà, òun náà ni. Lẹ́yìn náà ni yóò yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kí ó má dènà atẹ́gùn mọ́. Ní gbogbo àkókò yìí, ojú rẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò lára aago eré: bí eré bá fi lọ sílẹ̀ ju ìlà pupa lọ nígbà tí ẹ́ńjìnì kan ṣoṣo ń fi gbogbo agbára ṣiṣẹ́, pẹ́dàlì kò ní lè dá bàálù dúró mọ́, ó lè dojú dé.

Lóṣù Kejì ọdún 2015, ní Taipei, ẹ́ńjìnì ọ̀tún bàálù TransAsia kan daṣẹ́ sílẹ̀. Ti òsì tó yè ni pílọ́ọ̀tì pa. Ènìyàn 43 kú. Ẹ́ńjìnì tiwọn kì í ṣe onípísítìn, ṣùgbọ́n méjì náà ni.

Ta ló mọ fáàfù tí à ń kọ́kọ́ ṣí lára ẹ̀rọ omi tuntun yẹn? Èmi gan-an kò mọ̀ ọ́n. Wákàtí méjì ìdánrawò lóṣooṣù, pẹ̀lú owó iṣẹ́ wa, ni kí a kọ sínú ìwé àdéhùn tuntun. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí tábìlì.